Máńgà tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ìtàn tí mo fẹ́ràn jù já mi kulẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Àdùnní Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kubwa ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ìwé ìtàn àròsọ kan wà láti Jàpáànì, tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí apá rẹ̀ pọ̀, tí mo sì ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn kan lára yín ṣì ń kà á lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí a fi ìjà lórí ìwé kan ṣoṣo gbàgbé ohun tí mo wá béèrè. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹjọ́ ọba ló ń sọ ìtàn náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í tó. Ohun tó ń rò lọ́kàn nípa àwọn ọlọ́lá àti àwọn adájọ́, tí kò sì lè là lẹ́nu, ni adùn ìwé náà. Bí ó ṣe ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ó ń dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di máńgà, ìyẹn ìwé ìtàn alápòótí àwòrán ti àwọn ará Jàpáànì, inú mi dùn, mo sì ní kí ẹnì kan tó máa ń bá àwọn ènìyàn ra ìwé láti òkè òkun bá mi ra apá mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo ní àbúrò kan tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi àti òun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì jọ máa ń kàwé ní ọjọ́ Sátidé. Máńgà ni àwọn ọmọ náà fẹ́ràn, mo sì fẹ́ kí ó fa ojú wọn mọ́ ìwé ìtàn gan-an. Nínú máńgà yìí, akọ̀wé mi ti di aláriwo ọmọ tó ń ranjú tó sì ń lanu ní gbogbo ojú ìwé. Ẹjọ́ ńlá tó gba ìdajì apá kìíní nínú ìwé ìtàn ni wọ́n parí ní orí méjì péré. Àgbàlagbà tó kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ ìkọ̀wé kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ fún un ni gbogbo ìtàn yóò padà dúró lé ní apá ìkẹyìn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí n ra ìyókù, nítorí pé láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀, owó ìwé òkè òkun kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré mọ́. Àti bí mo ṣe lè mọ máńgà tó dára lọ́jọ́ mìíràn kí n tó náwó sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ. Wọ́n ti ka apá kìíní, wọ́n sì ń sọ pé bí ìtàn náà bá rí báyìí pẹ̀lú àwòrán, àwọn kò ní fọwọ́ kan èyí tí kò ní àwòrán.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa

Àdùnní, má ra ìyókù. Tà á fún ẹni tí kò ka ìwé ìtàn náà rí, nítorí pé irú wọn kì í bínú. Mo ti wo fíìmù *Ó le kú* tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 kí n tó ka ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, mo sì gbádùn méjèèjì dọ́ba. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti ka ìwé náà ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n jókòó tì mí tí wọ́n ń ka ohun tó sọnù, tí wọn kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Ìwọ ti ka ìwé tìrẹ tán, o kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò kà á.

Ayàwòrán Zaria

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ àwòrán ni mo kọ́ ní Zaria níhìn-ín, mo sì máa ń yàwòrán fún àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé. Kí Àǹtí Àdùnní tó pinnu, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, nítorí pé ìbàjẹ́ kan wà tó lè tún ara rẹ̀ ṣe bí ìtàn bá ṣe ń lọ, òmíràn sì wà tí kò ní àtúnṣe.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ìwé ìtàn kọ́ ló ń ya máńgà rẹ̀. Ní Jàpáànì, bí ìwé kan bá ti ń tà, ilé ìtẹ̀wé yóò wá ayàwòrán kan, wọn yóò sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ pé kó sọ ọ́ di àwòrán fún ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Nígbà mìíràn, ẹni kẹta máa ń wà láàárín, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pín ìtàn sí ojú ìwé àti sí àpótí àwòrán kí ayàwòrán tó mú gègé. Ẹni tó ya àwòrán díẹ̀ tó wà nínú ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ẹlòmíràn, tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ló dá ìrísí àwọn ẹ̀dá ìtàn. Ẹ wo *All You Need Is Kill*: Hiroshi Sakurazaka ló kọ ìwé ìtàn náà ní 2004, Yoshitoshi Abe ló sì ya àwòrán inú rẹ̀; nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di máńgà ní 2014, Ryosuke Takeuchi ló to ìtàn náà sí ojú ìwé, Takeshi Obata ló yà á. Orúkọ mẹ́rin nìyẹn lórí ìtàn kan. Àwọn orúkọ báyìí máa ń wà nínú máńgà, ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn. Àwa òǹkàwé ni a kì í kà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àyè. Apá kan máńgà kì í sábà ju ojú ìwé 160 sí 200 lọ, àpótí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ojú ìwé kan sì máa ń gbà kó tó di wúruwùru. Ohun tí òǹkọ̀wé fi ìpínrọ̀ kan sọ lè gba odindi ojú ìwé lọ́wọ́ ayàwòrán, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú yàrá tí kálukú wọn ní ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ gbé *Ascendance of a Bookworm* ti Miya Kazuki yẹ̀ wò. Ìpín kìíní ìtàn náà gba apá 3 nínú ìwé ìtàn. Nígbà tí Suzuka sọ ọ́ di máńgà, apá 7 ló gbà. Ìwé ìtàn náà lódindi jẹ́ apá 33. Bí wọ́n bá ní kí ayàwòrán kan ṣoṣo yà á tán bí ó ti yẹ, irun rẹ̀ yóò funfun lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ìpín kẹta àti ìkẹrin fún àwọn ayàwòrán mìíràn, tí wọ́n sì jọ ń yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ máńgà tí wọ́n ń mú jáde láti inú ìwé ìtàn, ìpolówó ìwé ni ilé ìtẹ̀wé kà á sí. Wọn a ní kí ayàwòrán tètè dé ibi tí ìjà wà, bí kò bá sì tà, wọn a dá a dúró ní apá kejì tàbí ìkẹta. Ẹni tí wọ́n fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni yóò parí ẹjọ́ ńlá ní orí méjì. Ó ń gbìyànjú láti rọ omi garawa sínú ìgò ni, a kò sì lè dá a lẹ́bi nìkan.

Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ayàwòrán kan bá fẹ́ ya *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, kò sí wàhálà nínú yíya Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Èmi gan-an lè yà á lónìí. Bí Àkàrà-ògùn ṣe ń sọ ọ́ ni kò ṣeé yà: bí ó ṣe ń fọ́nnu, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì ń ya ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gba òǹkàwé níyànjú nígbà tí ikú ń lé e bọ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Zaria níhìn-ín ní 1958 ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ yẹn ni pé àwọn àwòrán náà kò gbìyànjú láti tún ìtàn sọ. Wọ́n dúró ti ọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Máńgà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwòrán gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí náà ayàwòrán tó bá gba ìtàn ọmọ tó ń ronú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní láti yan ọ̀kan: yálà kí ó da èrò ọkàn rẹ̀ sínú àpótí títí ojú ìwé yóò fi dúdú fún ọ̀rọ̀, tàbí kí ó fi èrò náà hàn lójú rẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó ya ti Àǹtí Àdùnní yan ìkejì, ó sì ṣe é kọjá ààlà.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Bí ó bá jẹ́ ìkánjú nìkan, ẹ ka apá kejì àti ìkẹta tó ti wà lọ́wọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jù wọ́n nù, nítorí pé ọ̀pọ̀ máńgà máa ń sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì fẹsẹ̀ tilẹ̀ nígbà tí òǹkàwé bá ti pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohùn akọ̀wé náà ti yí padà, tí àgbàlagbà náà kò sì tíì yọjú títí di ìparí apá kẹta, ẹ dá owó yín dúró. Ẹni tó yọ òpó kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ní láti yí òpin padà.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kano

Mo gba ohun tí Ayàwòrán sọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò tíì dárúkọ: ògbufọ̀. Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànì ni a ń kà, iṣẹ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wa ni. Apẹẹrẹ tó le jù tí mo mọ̀ ni ti *Battle Royale*, tí kì í ṣe ìwé ọmọdé rárá, ẹ jọ̀wọ́. Koushun Takami ló kọ ìwé ìtàn náà, ó jáde ní 1999. Masayuki Taguchi sì ya máńgà rẹ̀ láti 2000 títí di 2005, apá 15. Nígbà tí Tokyopop ní Amẹ́ríkà fẹ́ tẹ máńgà náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí Keith Giffen tún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn kọ, ni ó bá sọ ohun tí ìjọba ń fi ipá ṣe sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ di ètò orí tẹlifíṣọ̀n tí ará ìlú ń wò. Àwòrán wà bó ṣe wà, ìtàn ti di òmíràn. Ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè bú Taguchi títí láé lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí náà, kí Àdùnní wo orúkọ ògbufọ̀ tó wà nínú máńgà àti èyí tó wà nínú ìwé ìtàn. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ ohùn akọ̀wé náà wá láti ibẹ̀. Ti èyí tí àwọn olólùfẹ́ máńgà ń túmọ̀ fúnra wọn tí wọ́n sì ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ, mi ò ní sọ púpọ̀: òmíràn dára, òmíràn jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan, kò sì yẹ kí a fi ṣe ìdájọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni pé ìwé ìtàn kan lè ní ju máńgà kan lọ. *The Apothecary Diaries* ti Natsu Hyuuga ní méjì, méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2017: ọ̀kan tí Nekokurage ń yà fún ìwé àtìgbàdégbà Square Enix, òmíràn tí Minoji Kurata ń yà fún ti Shogakukan. Ìtàn kan náà, ọmọ apòògùn kan náà ní ààfin kan náà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jọra, bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ìtàn náà kò sì bára mu. Bákan náà ni *Arslan* tí Yoshiki Tanaka bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tí kò sì parí títí di 2017: Chisato Nakamura ti ya máńgà rẹ̀ kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí Hiromu Arakawa, ẹni tó ṣe *Fullmetal Alchemist*, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2013. Ẹni tí àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dúró de ìkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ọdún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sùúrù dúró dè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Minna

Àǹtí Àdùnní, ẹ má bínú, èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ náà. Máńgà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ìtàn ni mo parí sí, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní ariwo lójú akọ̀wé náà, ó lè jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá fi ń mọ̀ pé ọmọbìnrin náà kò fara mọ́ ohun tí adájọ́ ń sọ. Ẹ̀yin ti mọ èrò rẹ̀ kí ẹ tó rí ojú rẹ̀; àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀wẹ̀, bí àwọn ọmọ náà bá sọ pé máńgà náà kò dùn, ṣé kì í ṣe ohun kan náà tí ẹ̀yin náà sọ nìyẹn? Ẹ̀yin àti àwọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ẹ kò ní láti gbèjà ìtàn náà níwájú wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti sú wọn, kí ẹ sì wo bóyá ibi tí wọ́n nawọ́ sí kò ní jẹ́ ibi tí wọ́n ti gé ìwé ìtàn kù.

Ìyá Ìbejì Kàdúná

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ àgbà. Àdùnní àbúrò mi, mo ti tọ́ ọmọ, mo sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ìwé tí àgbàlagbà bá ń yìn jù ni ọmọdé kì í fẹ́ ṣí. Má ṣe sọ fún wọn mọ́ pé ìwé náà dùn. Kà á sí wọn létí.

Ní Kano tí Ọmọ Ọ̀fà wà, wọ́n máa ń ka ìwé ìtàn Hausa lórí rédíò, tí àwọn ìyá ilé àti àwọn aránṣọ yóò sì yí rédíò sókè lẹ́nu iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí ìwé náà sójú. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ohùn ni. Ìwé tìrẹ yìí, tó jẹ́ pé èrò ọkàn ni gbogbo adùn rẹ̀, ohùn ló yẹ kó gbé e. Mú ẹjọ́ tí wọ́n parí ní orí méjì yẹn. Ní Sátidé kan, jẹ́ kí wọ́n ka orí méjì náà nínú máńgà, èyí tí kò ní gbà wọ́n ní wákàtí kan, kí ìwọ wá ka ibi kan náà nínú ìwé ìtàn fún wọn, ní díẹ̀díẹ̀, kí o sì dúró níbi tí adájọ́ bá fẹ́ dá ẹjọ́. Má ka ìyókù. Gbé ìwé náà sórí tábìlì, kí o lọ wo ìsebẹ̀.

Bí ẹnì kan nínú wọn bá mọ àwòrán yà, fún un ní bébà kó ya ìrísí àgbàlagbà tí wọ́n yọ kúrò. Ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn bá ti ya ojú tó yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní láti padà sínú ìwé láti wá ẹ̀rí.

Àdùnní Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti lọ wo àwọn orúkọ gẹ́gẹ́ bí Ayàwòrán ṣe sọ. Ògbufọ̀ kan náà ló túmọ̀ méjèèjì, nítorí náà ọ̀nà tí Ọmọ Ọ̀fà tọ́ka sí ti dí. Ẹni tó ya àwòrán inú ìwé ìtàn ni wọ́n kọ pé ó dá ìrísí àwọn ẹ̀dá ìtàn, ìyẹn sì ṣàlàyé ìdí tí aṣọ àti irun wọn fi bá ti inú ìwé ìtàn mu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rà á láìro ohun púpọ̀ nígbà tí mo rí ẹ̀yìn ìwé. Kò sí ẹni kẹta tó to ìtàn náà. Ayàwòrán nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo tún ka apá kejì àti ìkẹta ní àkàtúnkà. Ìkánjú náà ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ìtàn sì ti balẹ̀ ní apá kẹta ju ti ìṣáájú lọ. Àgbàlagbà náà kò yọjú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti àgbàlagbà náà ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹni tó jẹ́ pé nínú ìwé ìtàn, òun ni kò yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ náà títí ayé.

Àbúrò mi bínú sí ohun tí mo sọ yìí ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ó fẹ́ràn jù. Ìbéèrè mi tó kù ni ti owó. Bí mo bá fẹ́ dán máńgà mìíràn wò lọ́jọ́ iwájú, báwo ni mo ṣe lè kà díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n tó sanwó?

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa

Ìyẹn rọrùn. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ: Kindle máa ń jẹ́ kí ènìyàn ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, BookWalker náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, J-Novel Club sì máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn síta kí ẹni tó bá fẹ́ lè tọ́ ọ wò. Ka orí kìíní máńgà náà lórí fóònù, kí o sì ṣí orí kìíní ìwé ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wo ibi tí ẹni tó ń sọ ìtàn ti kọ́kọ́ sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ayàwòrán bá rí ọ̀nà ṣe ibẹ̀, ìbáà jẹ́ nípa fífi àpótí kan sílẹ̀ lófìfo, ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá fò ó, pa fóònù rẹ.

Ti owó, ra ti orí ẹ̀rọ bí káàdì ilé ìfowópamọ́ rẹ bá gbà láti sanwó sí òkè òkun, nítorí pé owó ìkówọlé máa ń fẹ́ pọ̀ tó owó ìwé fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣeé dì mú ni àwọn ọmọ fẹ́, apá kìíní nìkan ni kí o máa rà. Má ṣe ra mẹ́ta pọ̀ mọ́ nítorí pé ẹni tó ń bá ọ rà á sọ pé owó ọkọ̀ yóò dínkù. Mo mọ àwọn ènìyàn yẹn.

Ayàwòrán Zaria

Ẹ fi èyí kún un: ẹ wo bí ìwé ìtàn ti lọ jìnnà tó sí bí máńgà ti lọ jìnnà tó. Bí máńgà bá ti dé apá kẹwàá tó sì jẹ́ pé apá kẹta ìwé ìtàn ló ṣì wà, wọ́n fún ayàwòrán ní àyè. Bí apá kan máńgà bá gbé odindi apá ìwé ìtàn kan mì, àkópọ̀ ni ẹ fẹ́ rà. Lẹ́yìn ohun tí Àǹtí sọ nípa ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yẹn, èmi náà ti bọ́ sí ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa: ẹ má ra apá kẹrin.

Àdùnní Kubwa

N kò ní rà á. Ní Sátidé, orí méjì náà ni a ó kà, lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó ka ẹjọ́ náà sókè bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, títí dé ibi tí adájọ́ ti gbé ìwé ẹ̀rí sókè. Àbúrò mi ti ń béèrè bóyá ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wà nínú ibẹ̀. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó rò pé ó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Minna, ṣé wàá fẹ́ apá mẹ́ta yìí? Ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Minna

Mo fẹ́ ẹ gan-an, Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ fún awakọ̀ Minna ní gáréèjì Zuba, n ó san owó rẹ̀ nígbà tó bá dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ìwé ìtàn náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí n lè fi ti ìwé ṣáájú.